Sógúndógójì inú fóònù: ohun tó ń sọ àlàfo kékeré di gbèsè ńlá

Ọjọ́ tí owó oṣù wọlé kọ́ ni ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ máa ń lówó lọ́wọ́. Ẹ bi obìnrin tó ń ta ìrẹsì, ṣúgà àti ọṣẹ ládùúgbò yín, ní Ìlútítun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí níbòmíràn. Páálí kan wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé “Àwìn kò sí lónìí, ẹ wá lọ́la.” Ṣùgbọ́n ìwé ọmọléèwé kan wà lábẹ́ tábìlì tí orúkọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: Tíṣà, kóńgò ìrẹsì méjì, Ìyá Ìbejì, ọṣẹ àti magí, Bàbá Ọlọ́kadà, búrẹ́dì mẹ́rin. Tí ẹnì kan bá san, báírò á fa ìlà kọjá lórí orúkọ rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ yẹn kan náà á tún yọ nísàlẹ̀ ìwé.

Ìwé yẹn kọ́ ni ìṣòro. Àwìn àdúgbò kì í sábà ní èlé. Ìtìjú nìkan ni èlé rẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá lọ yá owó eléèlé láti fi pa orúkọ wa rẹ́ nínú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ₦73,000 tí Gómìnà Lucky Aiyedatiwa fọwọ́ sí ní 2024, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ tirẹ̀ di ₦70,000 ní July ọdún náà. Ká ní ilé kan ń gbé lórí owó yẹn, tí ìnáwó wọn sì jẹ́ ₦85,000 lóṣù. Àlàfo tó wà láàárín jẹ́ ₦12,000. Lójú, kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo. Aṣọ ẹbí kan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká tún ní wọ́n ń yá ₦12,000 yẹn lóṣooṣù, tí èlé orí rẹ̀ jẹ́ ₦15 lórí ₦100 lóṣù, tí wọ́n sì ń yá tuntun láti fi san ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní bá parí, gbèsè jẹ́ ₦13,800. Oṣù kejì, ₦29,670. Oṣù kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦48,000. Oṣù kẹrin, ₦68,900: odidi owó oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ tán. Tí oṣù kẹfà bá fi máa parí, wọ́n ti jẹ ₦120,800. Èyí tí wọ́n fi ra nǹkan nínú rẹ̀ kò ju ₦72,000 lọ. Ìyókù, tó lé ní ₦48,000, èlé ni.

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún un: owó sógúndógójì, ogún tó ń di ogójì. Owó tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦15 lórí ₦100 lóṣù, tí a kò san, á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù márùn-ún. Ẹni tó ń yá a kì í rí ogójì náà, torí ogún ni wọ́n kà sí i lọ́wọ́. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan sì tún ní ọgbọ́n mìíràn lórí rẹ̀: wọn á yọ èlé kí owó tó dé ọwọ́ yín. Wọ́n ní ẹ yá ₦20,000, wọ́n yọ ₦4,000, ₦16,000 wọ àpò yín, ₦20,000 lẹ ó san. Wọ́n pè é ní ₦20 lórí ₦100, ṣùgbọ́n ₦4,000 lórí ₦16,000 tí ẹ gbà jẹ́ ₦25 lórí ₦100. Bó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún yín, ẹ fi ìlọ́po méjì rò ó kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́ lóṣù.

A máa ń yára sọ pé onígbèsè kò mọ owó ná ni. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó yáwó ra bàtà tí yóò wọ̀ lọ síbi òkú tí kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fi lé lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Nígbà tí yóò fi di October 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000, ó di ₦73,000, kò pé ìlọ́po méjì ààbọ̀. Epo di ìlọ́po márùn-ún. NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní December 2024, ti oúnjẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Àjọ yìí kan náà ti wádìí ìnáwó ọdún 2019, ó sì rí i pé nínú ₦100 tí àwọn ilé ní Nàìjíríà ń ná, ₦56 ó lé ló ń bá oúnjẹ lọ. Nínú ₦85,000 ilé tí a fi ṣàpẹẹrẹ, nǹkan bí ₦48,000 ti wọ inú ìkòkò nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, níbi tí Ìlútítun wà, àti àwọn tó yí i ká ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá nínú òkùnkùn láìrí iná mànàmáná. Gbèsè iná tí wọ́n ní àwọn ìlú jẹ wà lára ohun tó dá a sílẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbèsè kì í tán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń mu lítà kan láàárín ọjọ́ méjì á mu ₦15,000 lóṣù, bí lítà bá jẹ́ ₦1,000. Ẹ padà wo àlàfo wa: ₦12,000. Owó tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fi rọ́pò iná ìjọba ju gbogbo ohun tí wọ́n ń yá lọ.

Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù, ṣùgbọ́n àlàfo tirẹ̀ fẹ̀ ju ti òṣìṣẹ́ lọ, torí ìgbà tí owó ń wọlé àti ìgbà tí ó ń jáde kò bára mu. Ẹ̀gẹ́ máa ń lò tó ọdún kan nílẹ̀. Ẹyìn máa ń pọ̀ láti nǹkan bí February sí May, owó epo pupa á sì wálẹ̀ nígbà náà. Owó iléèwé kò mọ ìgbà ẹyìn. September ló ń dé. Ni àgbẹ̀ á bá ta ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà nínú ilẹ̀ fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ẹ ro ohun tó tà. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, wọ́n á fún un, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó-róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé e sórí àjà iná títí èèfín á fi sọ ara rẹ̀ di dúdú, wọ́n á ha dúdú náà kúrò, wọ́n á gún un, kó tó di púpurú tí a ń rò jẹ. Owó wà nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ta ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lóko ti ta gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èlé nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dá owó lè kan ìrònú pẹ̀lú. Ní 2013, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde tí Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ ìrèké 464 ní Tamil Nadu, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n dán wọn wò kí ìkórè tó dé, wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ kan náà ni, orí kan náà ni, síbẹ̀ wọ́n ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìrònú lẹ́yìn tí owó dé ju ìgbà tí ọ̀dá owó dá wọn lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá ìṣirò wọn jiyàn. Síbẹ̀, èmi ò rò pé àbájáde ìwádìí náà yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu: ẹni tí gbèsè ń lé, ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù ló ń tọ̀, ọ̀nà náà kì í sì í sábà dára. Ìyẹn ni ayánilówó orí fóònù ṣe rí ọjà tà.

Ìtìjú ni irinṣẹ́ agbowó-gbèsè láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàpèjúwe ológò, ẹni tí olówó máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Á wọ agboolé, á jókòó, á sọ ara rẹ̀ di ìyọnu fún tọmọdé tàgbà, kò sì ní lọ àfi tí wọ́n bá sanwó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣómàáló dé, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri; orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ pé òṣòó ni wọ́n máa ló sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó. Láyé tiwa ó di gbọ́mú-lé-lántà, owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ táwọn obìnrin ọjà ń dúró fún ara wọn gbà, tí ọ̀kan bá kùnà, gbogbo ẹgbẹ́ á lọ ká a mọ́lé. Ológò kò lè ṣe ju kó jókòó sí agboolé kan lọ. Ayánilówó orí fóònù kò rìn rárá: ó lè ti ka gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín lọ́jọ́ tí ẹ gba owó. Tí ẹ bá pẹ́ ọjọ́ méjì, àna yín, pásítọ̀ yín àti ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ lè rí àwòrán yín pé olè ni yín. Orúkọ yín ni wọ́n gbà ṣe ìdógò.

Òfin ti dá sí i. FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà tuntun jáde fún àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2025. Owó ìtanràn lè tó ₦100 mílíọ̀nù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti owó sí yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ní kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ń bọ̀ wá gbé yín torí ₦20,000, irọ́ ni. Sọ̀wédowó tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn lè sá fún gbèsè báńkì. Láti August 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì láṣẹ láti yọ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, kan náà bá wà lórí rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan tún wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n kọ ìtàn gbèsè oníkálukú sílẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Kí wá ni ṣíṣe? Lójú tèmi, gbèsè kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká dojú kọ. Àlàfo ni. Ẹni tó san gbogbo gbèsè lónìí tí ₦12,000 rẹ̀ ṣì ń jò lóṣooṣù á tún jẹ gbèsè lóṣù tó ń bọ̀. Kí tọkọtaya gba ìwé ọmọléèwé kan, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ná fún ọgbọ̀n ọjọ́ sínú rẹ̀, títí kan ₦200 piọ́ wọ́tà. Ibí yìí ló le jù, torí ọ̀pọ̀ ọkọ kò fẹ́ kí ìyàwó mọ iye tí wọ́n jẹ, ọ̀pọ̀ ìyàwó náà sì ní gbèsè tí ọkọ kò gbọ́ rí. Nínú ìwé yẹn ni ẹ ó ti rí i bóyá ẹ̀rọ amúnáwá ni, bóyá ọkọ̀ Òkìtìpupa ojoojúmọ́ ni, bóyá òkú tí a ń náwó sí ní òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè gé, a jẹ́ pé owó tó ń wọlé ló kéré, kò sí ọgbọ́n ìfowópamọ́ tó lè wo ìyẹn sàn. Iṣẹ́ àfikún ló kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọ àwọn tí ẹ jẹ lọ kí wọ́n tó wá bá yín. Olówó tó rí onígbèsè tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá máa ń gbà kó san án díẹ̀díẹ̀. Àwa máa ń kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n tó yá wa lówó láìsí èlé fi ń gbẹ̀yìn, nígbà tí owó tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù ń ga sí i. Ìṣirò ní kí a kọ́kọ́ pa èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Ṣùgbọ́n David Gal àti Blakeley McShane ti Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà rí i ní 2012 pé àwọn tó ń parí gbèsè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ló sábà ń bọ́ pátápátá, bó ti wù kí ohun tí wọ́n ṣì jẹ tó. Tí gbèsè kékeré kan bá wà tí ẹ lè parí lóṣù yìí, ẹ parí rẹ̀ kí ara lè yá yín, kí ẹ wá dojú kọ ti fóònù.

Owó yíyá kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sí nínú ipò yìí: ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láti 1935 tí òfin ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti dé Nàìjíríà ni àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ ti ń lò ó, èlé rẹ̀ kì í sì í sábà ga. Ẹ lè fi san ti fóònù tán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí àdéhùn pé ẹ ó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí ẹ bá sì ti pinnu pé àfi kí ẹ yá owó lórí fóònù lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojúewé FCCPC. Àkójọ àwọn ayánilówó tó gba ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Bí orúkọ tó wà lórí fóònù yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.