Bí ímeèlì oníṣòwò kò bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́: Ohun tó ń fà á àti ọ̀nà àbáyọ

Oníṣòwò tó wà ní òpópónà Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí lẹ́tà kúrò lọ́wọ́ ẹni, ọ̀tọ̀ ni kó dé ibi tí a rán an. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Google àti Yahoo máa ń wo ìwà ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn, inú àpò spam ni wọn yóò da lẹ́tà rẹ̀ sí, tàbí kí wọ́n dá a padà. Rìsíìtì tí oníbàárà ń retí lè bá ìpolówó ọjà lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba orúkọ náà jẹ́. Èkíní ni kíkọ̀wé sí àdírẹ́sì tó ti kú. Láti oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹni tó ni ín kò lò fún ọdún 2 rẹ́. Èkejì ni kíkọ̀wé sí ẹni tó ti ní òun kò fẹ́ mọ́, tí yóò sì fi ẹjọ́ sùn pé spam ni. Ẹ̀kẹta ni ríra àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé àwọn tó ń gbógun ti lẹ́tà jìbìtì máa ń dẹ tàkúté sáàárín wọn.

Láti oṣù Kejì, ọdún 2024, ni Google àti Yahoo ti mú òfin le sí i. Ẹjọ́ spam kò gbọdọ̀ tó 3 nínú 1,000 lẹ́tà. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ lo SPF, DKIM àti DMARC, àwọn àmì tó ń fi hàn pé òun gan-an ló ni lẹ́tà náà.

Nítorí náà, bí lẹ́tà bá padà wá, kí oníṣòwò ka èsì tó bá a wá. Bí nọ́mbà rẹ̀ bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ìdíwọ́ ìgbà díẹ̀ ni. Ó lè tún un fi ránṣẹ́. Bí ó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì sọ pé kò sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, kó dẹ́kun kíkọ̀wé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ pé òun tó fi í ránṣẹ́ ni wọ́n dínà mọ́, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ oníbàárà. Kó tún ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, kí wọ́n má kàn pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lásán. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá tún kó orúkọ àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò tún kọ̀wé sí i. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n sì máa yẹ ìwé náà wò kí lẹ́tà kankan tó jáde. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà, ọdún 2023, fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ti bàjẹ́ kì í tún ṣe lọ́jọ́ kan. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìwọ̀nba àwọn tó ṣì ń ka lẹ́tà rẹ̀, kó sì máa fi kún wọn bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.