Fòníkú-fọ̀la-dìde: Bí Wọ́n Bá Kọ̀ Láti San Owó Ìrànwọ́ Ọmọ Yín

Ìyá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó kọ ìwé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì. Àkọ́bí wọn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell. Ọwọ́ ìyá àgbà yìí ni ọmọ náà wà títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọsibítù àwọn ọmọdé ní òpópónà Massey ni wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Ní báyìí, àwọn òbí rẹ̀ béèrè owó ìrànwọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń san lórí ọmọ aláìlera. Èsì dé pé kò tọ́ sí i. Ìyá àgbà wá ń bi mí pé: "Ṣé ohun tí Òyìnbó ń sọ ni pé ara ọmọ mi dá ṣáṣá? Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Kò tíì parí. Mo sì rò pé ó yẹ kí n dáhùn lójú ìwé yìí dípò kí n kọ ìwé sí mama nìkan, nítorí agbo ilé mélòó ni ó wà láti Ìta Fájì títí dé Òkè Pópó tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ lókè òkun? Yàtọ̀ sí èyí, nínú irú ọ̀ràn yìí, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé pàápàá ní iṣẹ́ láti ṣe.

Orúkọ owó náà ni Disability Living Allowance, DLA ni àwọn ọmọ yín máa ń pè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni wọ́n ń san án fún. Wọn kì í béèrè iye tí bàbá tàbí ìyá ń gbà níbi iṣẹ́. Apá méjì ni ó ní: owó ìtọ́jú àti owó ìrìn. Ní ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, owó ìtọ́jú jẹ́ pọ́n-ùn 29.20 lọ́sẹ̀ fún ìpele ìsàlẹ̀, 73.90 fún ti àárín, àti 110.40 fún ti òkè. Ẹni tí ó bá sì ń fi wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tọ́jú ọmọ tí ó wà ní ìpele àárín tàbí ti òkè lè béèrè owó mìíràn fún ara rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe owó iyọ̀. Ìyá tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ ń wọ ọsibítù léraléra lè fi san owó iná tí ń mú ilé gbóná, òtútù sì jẹ́ ọ̀tá ọmọ tí ó ní àrùn yìí. (Ní Scotland, owó mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láti ọdún 2021, ọ̀nà tí a ń gbà jà fún un sì yàtọ̀. England àti Wales ni mo ń sọ.)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ́. Orúkọ àìsàn kọ́ ni wọ́n ń san owó lé lórí. Ohun tí òfin wọn ń béèrè ni pé: iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí ń fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, tí ó ju èyí tí ọmọ mìíràn tí ó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà ń fúnni lọ jìnnà? Ó sì gbọ́dọ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí a sì retí pé yóò tún wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i. Akọ̀wé tí ń ṣe ìpinnu náà kì í sábà fi ojú rí ọmọ. Ìwé ni ó ń kà.

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ àrùn yìí ní fòníkú-fọ̀la-dìde mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lónìí ọmọ ń ké pé egungun ń fọ́ òun, lọ́la ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹni tí ó ń ka ìwé bá rí "ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń jẹun fúnra rẹ̀, ó ń ṣeré," ọjọ́ àjíǹde nìkan ni ó rí. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa òbí ni. Ẹ mọ àṣà wa. Bí a bá bi ìyá Yorùbá pé, "Ọmọ ńkọ́?" yóò ní, "A dúpẹ́, ó ti ń gbádùn." Kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn lé ọmọ rẹ̀ lórí. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí, ṣùgbọ́n nínú fọ́ọ̀mù DLA, "a dúpẹ́" kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju pé kò sí ohun tí ó ń ṣe ọmọ. Kí wọ́n kọ ohun tí ó rí bí ó ti rí. Àdúrà ní àyè tirẹ̀.

Kí ni ó wà láti kọ? Ó pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ òbí ti rò lọ, nítorí ohun tí ó ti mọ́ wọn lára ni wọn kì í kà sí iṣẹ́ mọ́. Hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa rí roboto, ó sì rọ̀. Ti ọmọ tí ó ní àrùn yìí a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú iṣan tóóró tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Bí omi ara bá dín kù, títẹ̀ náà a máa pọ̀ sí i, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ pé ó ń mu omi láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣùgbọ́n àrùn náà a máa ba iṣẹ́ kídìnrín jẹ́, tí kò fi ní lè dá omi dúró bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún méje, àní ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi ń tọ̀ sílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má nà án. Ìyá rẹ̀ a dìde lóru láti mú un lọ tọ̀, a pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, a tún fún un ní omi mu. Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ òru, òru sì ṣe pàtàkì: ọmọ tí ìtọ́jú rẹ̀ gba ọ̀sán àti òru ni ó lè dé ìpele òkè.

Ibà tún ńkọ́? Nínú ọmọ mìíràn, ibà lè dúró di ọjọ́ kejì. Nínú ọmọ yìí, ó lè jẹ́ àmì àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí í pani kíákíá, ọsibítù sì ni ó yẹ kó gbé e lọ. Òbí a máa fi ọwọ́ kàn án láàárín òru láti mọ̀ bí ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì lè wú lójijì, a sì máa ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn penicillin wà lójoojúmọ́. Aṣọ òtútù wà. Fífi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn wà nígbà ìrora, àti gbígbé lọ sí ilé ìwẹ̀ nígbà tí kò lè dìde.

Kí àwọn òbí ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán: wákàtí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí ó gbà. "Agogo méjì òru, mo jí i lọ tọ̀, mo fún un ní omi, ogún ìṣẹ́jú." Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ó dára náà, kí wọ́n sì ka iye ọjọ́ tí kò dára nínú oṣù. Irọ́ kò wúlò níbí, nítorí ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ọsibítù yóò tú u fó. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan fún mama: kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ní àrùn yìí ni yóò gba owó náà. Bí ìrora bá ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta péré, ìrora nìkan kò lè gba ẹjọ́ yìí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ti alaalẹ́ ni ó lè gbà á.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Kí wọ́n wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ìpinnu náà. Láàárín oṣù kan sí ọjọ́ yẹn ni kí wọ́n béèrè pé kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Mandatory Reconsideration ni wọ́n ń pè é. Bí oṣù kan bá ti kọjá, kí wọ́n ṣì béèrè, kí wọ́n sọ ìdí tí ó fi pẹ́. Bí ìdí náà bá dára, wọ́n lè gbà á títí di oṣù 13. Kí wọ́n fi ìwé ojoojúmọ́ náà sí i, pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó mọ àrùn náà àti láti ọwọ́ olùkọ́ ọmọ.

Bí wọ́n bá tún kọ̀, èyí tí kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu, nígbà náà ni wọn yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Oṣù kan ni wọ́n tún ní láti ọjọ́ ìwé kejì yìí. Kò gba kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ ọ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó kọ̀ wọ́n: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa ìgbé ayé aláìlera. Wọ́n lè ní kí wọ́n fi ìwé nìkan dá ẹjọ́ náà. Èmi kò ní gbà wọ́n níyànjú bẹ́ẹ̀. Kí ìyá lọ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù tàbí fídíò, nítorí ìbéèrè tí dókítà bá bi í, ìwé kò lè dáhùn rẹ̀ tán. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá dá a lójú, kí ó béèrè ògbufọ̀ ṣáájú. Kò ní san nǹkan kan. Ohun méjì ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Èkíní, bí ó ti rí ní ọjọ́ ìpinnu ni ìgbìmọ̀ ń wò. Bí àìsàn bá le sí i lẹ́yìn náà, ìbéèrè tuntun ni ó yẹ. Èkejì, ẹni tí ó ti ń gba díẹ̀ tí ó fẹ́ gba púpọ̀, ìgbìmọ̀ lè dín ti ọwọ́ rẹ̀ kù pẹ̀lú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ìmọ̀ràn kí ó tó lọ.

Kí wọ́n sì tún ìwé àkọ́kọ́ kà dáadáa. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ni wọ́n fi kọ̀. Ọmọ tí ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ ti gbé ilẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà nínú oṣù méjìlá tí ó kọjá, ìwé ìgbélùú pẹ̀lú sì ní òfin tirẹ̀. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìwé ìgbélùú, kí wọ́n bá ẹni tí ó mọ òfin náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Mama, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ẹ wo inú àpótí: káàdì ọsibítù, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwé ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró àti ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ ya àwòrán wọn ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Wọn kò lè sọ bí ọmọ náà ti rí lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé ọ̀ràn náà ti pẹ́. Ẹ sì kọ ìwé pẹ̀lú. Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni bú. Ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ti lọ bá wọn gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láìpẹ́ yìí, ohun tí ẹ rí ní òru níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ó sún mọ́ ọjọ́ ìpinnu jù.

Nílẹ̀ wa níbí, kò sí irú owó ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ìmọ̀ràn lórí àrùn náà, Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, ní àdúgbò LUTH. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Sickle Cell Society ti wà láti ọdún 1979, Citizens Advice sì ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù láìgba owó. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fún òun ní ìdá kan nínú owó náà kí òun tó bá wọn kọ ọ́, kí wọ́n kọjá lọ.

Ohun kan kù tí mama kò béèrè. Bí wọ́n bá gba owó náà, tí wọ́n sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí yín fún ìsinmi, ẹ má jẹ́ kí ó ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ ní Èkó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, owó náà lè dúró, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú àìsàn ni ó gbé e wá, èyí tí wọ́n lè gbà títí di ọ̀sẹ̀ 26. Kí ìyá rẹ̀ sì sọ fún wọn kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.