Títọ́jú Kòkó sí Yàrá Ìgbọ́kọ̀sí Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Agbabu àti gbogbo agbègbè Odigbo tí ẹ ń lo yàrá ìgbọ́kọ̀sí láti tọ́jú kòkó, ẹ kíyè sí i pé ọ̀rá inú kòkó máa ń tètè fa òórùn mọ́ra. Bí ẹ bá kó o ti epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí oògùn apakòkòrò, òórùn náà kì í kúrò, àwọn tó ń rà á sì lè kọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ sá a gbẹ dáadáa. Bí omi ara rẹ̀ bá ju ìdá 8 nínú 100 lọ, ó lè bu. Ẹ to àwọn àpò lé orí pákó, kí wọ́n má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ tún òrùlé tó ń jò ṣe, kí òjò tó dé.