KÍ Ẹ̀MÍ YÈ NÌKAN KÒ TÓ

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nípa ti ẹni tí ó fi orí ṣèṣe nínú jàǹbá ọkọ̀ tàbí alùpùpù, ó yẹ kí a tún béèrè pé: irú ìgbé-ayé wo ni ó kù fún un?

Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ìlú Glasgow, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí kò gba ẹ̀rọ kankan. Ohun mẹ́ta ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ń wò. Ti ojú gba máàkì 4, ti ọ̀rọ̀ ẹnu gba 5, ti bí ara ti ń mira gba 6. Ẹni tí ó la ojú fúnra rẹ̀ gba 4. Ẹni tí kò là á rárá gba 1. Àpapọ̀ jẹ́ 15, kì í sì í dín sí 3. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn náà le gidigidi.

Ní ọdún 1975, Jennett àti Michael Bond gbé òmíràn jáde láti fi wọn ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ìpele 5 ni ó ní: ẹni tí ó kú, ẹni tí ó ń mí ṣùgbọ́n tí kò mọ ohunkóhun, ẹni tí ó mọ nǹkan ṣùgbọ́n tí ó gbára lé ẹlòmíràn lójoojúmọ́, ẹni tí ó lè dá tọ́jú ara rẹ̀ pẹ̀lú àbùkù, àti ẹni tí ó padà sẹ́nu ìgbé-ayé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6 ni a sábà máa ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni a ń pè ní “ó yè é”, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì rí bákan náà rárá.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tí ó fi orí ṣèṣe bá padà sí kíláàsì, tí ó ń gbàgbé, tí ó ń tètè rẹ̀, tí ó ń bínú sódì, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ọpọlọ rẹ̀ lè máà tíì bọ̀ sípò.

Láti ọdún 1962 ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Nítorí náà, a ń rọ ìjọba, ẹgbẹ́ yòówù kí ó wà lórí àlééfà, pé kí ìtọ́jú má ṣe dópin lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ń gun alùpùpù, ẹ dé akoto. Orí kò ní ààrọ̀.