Iyọ̀ Ló Ń Ṣiṣẹ́ Fírísà

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, l'Ékòó, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, fírísà di àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n kí fírísà tó dáyé làwọn èèyàn ti ń sọ oje èso di sorbet, ìyẹn oje dídì tí kò ní mílíìkì. Lọ́dún 1843 ni Nancy Johnson, obìnrin ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ kan tí a ń fọwọ́ yí: korobá kan, agolo onídèérí nínú rẹ̀, ọmọrogùn pẹlẹbẹ nínú agolo. Yìnyín àti iyọ̀ ló kún àárín korobá àti agolo.

Iyọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yìnyín lásán tó ń yọ́ kì í tutù ju 0°C lọ, oje ọ̀pẹ̀yìnbó tó ní ṣúgà kò sì lè dì níbẹ̀. Bí iyọ̀ bá bọ́ sórí yìnyín, tipátipá ni yóò máa yọ́, ooru ló sì ń gbà láti yọ́. Ooru tí kìlò yìnyín kan ń gbà kó tó di omi tó èyí tí yóò gbé kìlò omi kan láti 0°C dé 80°C. Níbo ni yóò ti rí i bí kò ṣe lára agolo? Ìwọ̀n yìnyín mẹ́ta sí iyọ̀ kan lè já dé −21°C. −18°C ni fírísà ilé máa ń wà. Ẹ má tọwọ́ bọ omi iyọ̀ náà o.

Oje tó bá dúró sójú kan máa ń di yìnyín wóró-wóró tó ń ró lẹ́nu. Ọmọrogùn ló ń ha á kúrò lára agolo kó tó dàgbà. Bí yíyí bá ti le, ó ti jinná nìyẹn.

Korobá pẹ́ńtì tí a fọ̀ dáadáa, agolo àti ọmọrogùn ilé ti tó. Èso ń bẹ ní ọjà Ilé-Epo, nítòsí Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ korobá, kó rẹlẹ̀ sí ìdérí agolo, kí omi iyọ̀ má bàa wọ inú agolo. Gbogbo ṣúgà, ti inú èso náà nínú rẹ̀, kó wà láàárín gíráàmù 25 sí 30 nínú gíráàmù 100 oje. Bó bá kéré jù, yóò le gan-an. Bó bá pọ̀ jù, kò ní dì. Òtútù sì máa ń pa adùn lẹ́nu, nítorí náà kí oje dùn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń mu ún lọ, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.