Mo fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú ẹranko igbó l'Ékòó: Akika ò léyín lẹ́nu, àmọ́ wàhálà ẹ̀ ju ti ọmọ ìkókó lọ!

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kọjá ló mọ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n máa ń nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òkété wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀, ọ̀yà náà wà níbẹ̀. Ẹni tójú ẹ̀ bá yá á tún rí kiní kan tó ká jọ róbótó bíi bọ́ọ̀lù, tí ìpẹ́ bo gbogbo ara ẹ̀. Akika nìyẹn. Ó ní ìpẹ́ bíi ti ẹja, ó ní ahọ́n bíi ti agẹmọ, síbẹ̀ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni.

Àwọn tó ń jẹ ẹ́ pọ̀, àwọn tó ń fi ìpẹ́ ẹ̀ ṣe oògùn náà pọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ nígbà tó bá fara gbọgbẹ́, ìka ọwọ́ la fi ń kà wọ́n. Ọ̀dọ̀ irú àwọn yẹn ni mo lọ. Mo ní kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré, kí wọ́n fi mí sáàárín àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n má fojú oníròyìn wò mí. Wọ́n gbà, wọ́n kàn bá mi ṣe àdéhùn kan: n kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ibùdó náà, n kò sì gbọ́dọ̀ sọ àdúgbò tó wà. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá ti mọ̀ pé akika wà níbì kan, olè ò ní í jẹ́ káwọn sùn mọ́.

KÒ SÍ ARIWO, KÒ SÍ LỌ́FÍŃDÀ

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó àti ẹranko ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ lẹ́yìn tó kí mi tán ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ lọ́fíńdà yẹn kúrò lára yín. Wọ́n máa gbóòórùn yín kí wọ́n tó rí yín."

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ó gbé ìbọ̀wọ́, ìbomú àti bàtà òjò fún mi. Ó ní a kì í pariwo, a kì í ṣeré pẹ̀lú ẹranko, a kì í sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn yà mí lẹ́nu. Mo ní kí ló burú nínú orúkọ? Ó ní ẹranko tó bá ti mọ́ èèyàn lára, ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà sígbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ló máa rìn lọ bá, ẹni ọ̀hún sì lè ti gbé ìkòkò kaná.

Ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe láràárọ̀. Wọ́n á gbé akika kọ̀ọ̀kan sínú ike, wọ́n á gbé ike sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á kọ iye gíráàmù tó jẹ́ sínú ìwé. Akika oníkùn funfun tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa níbí, tó bá dàgbà tán, kì í sábà ju kílò méjì sí mẹ́ta lọ, nítorí náà bí gíráàmù mẹ́wàá bá dín, ẹjọ́ ni. Lẹ́yìn náà la wá gbálẹ̀ àgò wọn. Ìgbẹ́ wọn pàápàá, a kì í dà á nù láìwò ó. Ọmọbìnrin náà fi igi kékeré tú u wò bóyá aràn wà níbẹ̀, èmi sì ń wojú sánmà.

ÒWÌWÍ TÍ WỌ́N FẸ́ SỌ LÓKÙÚTA PA

Akika nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Odídẹ mẹ́rin wà nínú àgò ńlá kan, àwọn tó ń tà wọ́n ti gé ìyẹ́ apá wọn mọ́lẹ̀. Wọn ò lè fò àfi tí wọ́n bá pa ìyẹ́, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ahun kan wà tí mọ́tò gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́nà. Òjòlá kan wà tí wọ́n bá nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alálejò.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni òwìwí kan. Àwọn ará àdúgbò kan ló rí i lórí òrùlé, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lù ú. Apá ẹ̀ kan kán. Ọmọbìnrin IT yìí ló máa ń fún un ní òkú òròmọdìẹ jẹ lálaalẹ́. Ó ní ìyá òun nílé ti kìlọ̀ fún òun pé lọ́jọ́ tí òun bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé, kí òun má wulẹ̀ wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ eku ni òwìwí ń pa jẹ lóru, eku tó ń jẹ gàrí wa, tó ń tọ̀ sí oúnjẹ wa, tí àrùn Lassa ń ti ara ẹ̀ wá.

BÀBÁ ỌDẸ DÉ

Aago mọ́kànlá ò tíì lù tí ọ̀kadà kan fi dúró lẹ́nu géètì. Bàbá ọdẹ kan ló sọ̀ kalẹ̀. Àpò ìrẹsì òfìfo ló gbé dání, kiní kan sì ń mí nínú ẹ̀.

Dókítà ẹranko tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀ jáde sí i, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọdẹ o, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń gba kiní yìí. Tìyá-tọmọ ni o. Ẹ fún mi lówó mi kí n tètè padà."

Ó tú ẹnu àpò. Akika ìyá ká jọ gírígírí, wáyà tàkúté sì ti wọ ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ kan débi eegun. Ibi tó ká ara ẹ̀ mọ́ yẹn, ìrù kékeré kan yọ jáde níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ni. Bí ẹ̀rù bá ti ba ìyá akika, ó máa ń wé ara ẹ̀ mọ́ ọmọ sínú ni. Kìnnìún fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tú u. Ọmọ èèyàn nìkan ni kò fún wàhálà, torí ńṣe léèyàn kàn máa gbé e bí ẹni gbé àgbọn.

"Bàbá, ẹ má bínú, àwa kì í ra ẹran o," ni dókítà wí.

"Ẹ kì í rà á kẹ̀? Àwọn tó wà ní títì máa rà á. Owó ìlàjì àpò ìrẹsì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n lé ọmọ mi méjì nílé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, owó síkúùlù ni mo ń wá kiri."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti le nìyẹn. Tí wọ́n bá sanwó lónìí, lọ́la ọdẹ márùn-ún ló máa wà lẹ́nu géètì, títí kan àwọn tí kì í wá akika lọ sígbó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ara wọn di oníbàárà nìyẹn. Tí wọn ò bá sì sanwó, tìyá-tọmọ ti dọbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọmọbìnrin IT yẹn ti kọ́jú sógiri, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Dókítà sọ fún bàbá pé òfin wà tó dè é. Òótọ́ sì ni. Ó ti wà látọdún 1985, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2016. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dókítà, òfin ò bá mi san owó síkúùlù."

Ni dókítà bá fi ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀. Ó jókòó ti bàbá lórí bẹ́ńṣì, ó béèrè pé ìgbà wo ni bàbá rí akika ńlá gbẹ̀yìn nínú igbó, èyí tó tóbi bí ajá, tó lè wọn ọgbọ̀n kílò. Bàbá dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní bàbá òun máa ń pa á, òun náà pa ẹyọ kan nígbà tí òun wà ní géńdé, àwọn ọmọ òun ò mọ̀ ọ́n rárá, orúkọ ni wọ́n ń gbọ́. Dókítà ní, "Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kù yìí náà, bó ṣe máa lọ nìyẹn."

Bàbá ní kí wọ́n fún òun lówó ọkọ̀ nìkan. Dókítà yọ owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀ nínú àpò ara ẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Bí ọ̀kadà ṣe gbéra ni ọmọbìnrin yẹn rọra bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ọkọ̀ náà kọ́ ló máa wá di owó ẹran?" N kò rí èsì fún un. Dókítà náà gbọ́, òun náà ò fèsì.

ÈÉKÁNNÁ LÁSÁN NI O

Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ ìyá akika, mo fọwọ́ kan ìpẹ́ tí gbogbo ayé ń torí ẹ̀ pa á. Ohun tó wà nínú èékánná ọwọ́ wa àti irun orí wa náà ló wà nínú ẹ̀, kò sí ohun mí-ìn. Tí èékánná bá ń wo àrùn, ṣebí gbogbo wa ò bá ti máa gé tiwa sínú àgbo.

Síbẹ̀ owó ńlá ló wà nídìí ẹ̀ nílẹ̀ Ṣáínà àti Vietnam, Nàìjíríà wa yìí sì ti di ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé e gbà. Lóṣù kẹrin ọdún 2019, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gba ẹrù méjì tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Vietnam ní Singapore: tọ́ọ̀nù 12.9 nínú ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 12.7 nínú èkejì. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé akika bíi 38,000 ni wọ́n pa kí ìpẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Lóṣù keje ọdún 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù tún ká tọ́ọ̀nù 7.1 mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ ní Lẹ́kí. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má ṣòwò irú akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà láyé láti ìlú kan sí òmíràn.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ń gbìyànjú. Dókítà Mark Ofua tó dá Saint Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ l'Ékòó wà nínú àwọn tí gbogbo èèyàn mọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ akika. Ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tọkọtaya Amẹ́ríkà kan, Liza Gadsby àti Peter Jenkins, dá Pandrillus sílẹ̀ lọ́dún 1988, ọ̀bọ drill tó ti fẹ́ẹ́ parẹ́ sì ti bímọ rẹpẹtẹ lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ drill máa ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ téèyàn bá gbé fún un. Akika ò rí bẹ́ẹ̀.

A KÓ AKIKA LỌ JẸUN

Akika ò ní eyín kankan. Èèrà àti ikán nìkan ló ń jẹ, ahọ́n gígùn tó ń lẹ̀ ló sì fi ń lá a. Tẹ́ ẹ bá gbé búrẹ́dì tàbí ẹran síwájú ẹ̀, ebi máa pa á kú síbẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọmọ IT ní ìrọ̀lẹ́ fi jẹ́ kíkó akika jáde lọ sínú igbó, bí ẹní da màlúù.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ la jáde. Akọ kan tó ti ń gbádùn díẹ̀ ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ó ń rìn, à ń tẹ̀ lé e. Ó gun igi, a dúró nídìí igi. Ó já ọ̀gán ikán, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, a jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wá lọ kó sínú ilé tanpẹ́pẹ́, ni wọ́n bá gun èmi lẹ́sẹ̀ wá sókè. N kò gbọ́dọ̀ pariwo. Mo ń jó, mo ń gbọn ṣòkòtò, ọmọbìnrin yẹn di ẹnu ara ẹ̀ mú kó má baà rẹ́rìn-ín, akika sì ń lá oúnjẹ ẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Aago méje la gbé e délé. Wọ́n tún gbé e sórí òṣùwọ̀n: ogójì gíráàmù ló fi wúwo sí i. Wákàtí méjì ààbọ̀, èèyàn méjì, ogójì gíráàmù! Ọmọbìnrin náà fò sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í san owó oṣù fún un o, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa lọ lálẹ́, ìyá akika ò tíì tú ara ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé ọmọ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú òkùnkùn. Lọ́jọ́ kẹta mo pè wọ́n. Ìyá ti kú lóru kejì. Wọ́n ní ọgbẹ́ nìkan kọ́, ìpayà náà máa ń pa wọ́n. Ọmọ ẹ̀ ṣì wà. Wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò ni wọ́n ń fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ fún un ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, ọmọbìnrin IT yẹn ló sì gba ti òru. Wọ́n ní bàbá ọdẹ náà ti pè lẹ́ẹ̀kan. Owó kọ́ ló béèrè, ó ní ọmọ ńkọ́?

TẸ́ Ẹ BÁ RÍ I

Ẹ má fipá tú u. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un ní oúnjẹ ilé. Ẹ gbé e sínú páálí tí atẹ́gùn lè wọ̀, ẹ gbé páálí síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́, kẹ́ ẹ wá pe dókítà ẹranko tó bá sún mọ́ yín tàbí àwọn òṣìṣẹ́ NESREA. Ẹ má kó àwọn ọmọ àdúgbò lé e lórí láti ya fídíò. Bó bá sì jẹ́ lójú títì lẹ ti rí i tí wọ́n ń tà á, ẹ má torí àánú rà á, torí owó yín ló máa rán ọdẹ padà sígbó lọ́la. Ẹ pe àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i gan-an fún wọn.