BÍ Ọ̀RINRIN TI Ń BA ILẸ̀ SÌMẸ́ŃTÌ JẸ́, ÀTI BÍ A TI LÈ DÁÀBÒ BÒ Ó

Ní ìlú àti ní abúlé jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti gba ipò ilẹ̀ amọ̀ tí àwọn ìyá máa ń fi bọ́tọ́ ra ní ayé àtijọ́. Láti ọdún 1960 tí ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun àjòjì mọ́ fún ẹni tí ó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé ni ó gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ti le bí òkúta, omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti kó àdánù bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹní a máa jẹrà, táìlì a máa ṣí, kòkó tí àgbẹ̀ sì fi odidi ọdún kan ṣiṣẹ́ lé lórí a máa bu nínú yàrá tí òjò kò jò sí.

ỌNÀ TÍ OMI Ń GBÀ GÒKÈ

Nígbà tí a bá po sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀, kì í ṣe gbogbo omi tí a bù sí i ni sìmẹ́ńtì ń lò. Èyí tí ó ṣẹ́kù a máa fẹ́ lọ bí ilẹ̀ ti ń gbẹ, a sì fi àwọn ihò tín-ínrín sílẹ̀, tí ojú kò lè rí. Bí ilẹ̀ abẹ́ ilé bá tutù, omi ibẹ̀ a máa gba inú àwọn ihò wọ̀nyí gòkè, gẹ́gẹ́ bí epo òyìnbó ti í gba inú òwú àtùpà gòkè láìsí ẹni tí ó ń tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Nígbà tí omi náà bá dé òkè, afẹ́fẹ́ a gbà á lọ, iyọ̀ tí ó gbé bọ̀ láti inú ilẹ̀ a sì kù sẹ́yìn. Èyí ni nǹkan funfun bí ẹ̀lùbọ́ tí àwọn ìyàwó ilé máa ń gbá títí, tí kì í tán. Omi lásán kì í sáà jẹ́ kí ilẹ̀ tí a ṣe dáadáa wó. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó ń jìyà. Bí a bá tẹ́ rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì sí i, omi tí ìbá fẹ́ lọ a há sí abẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù a tú, òórùn a sì gba inú yàrá.

Ọ̀nà kejì tún wà. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin a máa wọlé, a sì fara kan ilẹ̀ tí ó tutù. Nígbà náà ni ilẹ̀ a máa làágùn, gẹ́gẹ́ bí ife tí a bu omi tútù sí ti í làágùn lára. Omi yìí kò ti abẹ́ wá rárá, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

ÌDÁNWÒ TÍ ẸNIKẸ́NI LÈ ṢE

Kí a tó ná owó, ó yẹ kí a mọ ibi tí omi ti ń wá. Kí a gé ọ̀rá kan tí ó mọ́ gaara, tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí a sì fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọ abẹ́ rẹ̀. Kí a fi í sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá, láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ òkè ọ̀rá ni ó tutù, inú afẹ́fẹ́ ni ó ti wá. Kí a máa ṣí fèrèsé nígbà tí oòrùn bá ràn, kí a sì máa tì í nígbà tí òjò tàbí kùrukùru bá wà. Ìgbà òjò ni ó dára jù láti ṣe ìdánwò yìí, nítorí ọyẹ́ a máa tan ènìyàn jẹ.

BÍ A BÁ Ń ṢE ILẸ̀ TUNTUN

Ìsàlẹ̀ ni a ti ń dènà omi, kì í ṣe òkè. Kí ilẹ̀ yàrá ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán. Kí a kó ilẹ̀ dúdú tí ó ní gbòǹgbò kúrò, kí a da òkúta sí i, kí a gún un kí ó le, kí a sì da yanrìn lé e kí ẹnu òkúta má baà lu ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sí gbogbo rẹ̀. Níbi tí ọ̀rá méjì bá ti pàdé, kí ọ̀kan gorí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí a sì ká etí rẹ̀ sókè lára ògiri. Ihò kan ṣoṣo tó láti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nítorí náà kí onílé fi ojú ara rẹ̀ wò ó kí wọ́n tó da kọ́ńkéré lé e.

Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni a sábà ń pò. Fún àpò sìmẹ́ńtì kan tí ó wọn kílógíráàmù 50, omi lítà 25 tó, bí yanrìn bá sì ti tutù tẹ́lẹ̀, kí a dín in kù. Àwọn bíríkìlà mìíràn fẹ́ràn omi púpọ̀ nítorí ó ń mú kí iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n omi àlékún lónìí ni ihò lọ́la. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti dì, kí a bò ó, kí a sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí sìmẹ́ńtì lè dì mọ́ra dáadáa. Kí a má ṣe kánjú lẹ ohunkóhun mọ́ ọn: ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2.5 nípọn a máa gbà tó oṣù kan kí ó tó gbẹ.

BÍ ILẸ̀ BÁ TI WÀ TẸ́LẸ̀

Kò sí bí a ti lè ti ọ̀rá bọ abẹ́ ilẹ̀ tí a ti ṣe tán, ṣùgbọ́n a lè mú omi jìnnà sí i. Kí a gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò gbé omi òrùlé lọ, kí a kó iyẹ̀pẹ̀ tí ó jókòó ti ògiri kúrò, kí omi balùwẹ̀ má sì ṣe dúró sí ẹ̀yìn ilé. Bí ọ̀rinrin kò bá dáwọ́ dúró, tí ẹnu ọ̀nà sì ga tó, a lè tẹ́ ọ̀rá nínípọn sórí ilẹ̀ àtijọ́, kí a sì da ilẹ̀ tuntun tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KÓ KÒKÓ PAMỌ́

Àpò ìdọ̀họ tí a bá gbé ka ilẹ̀ sìmẹ́ńtì a máa fa omi bí òwú àtùpà náà. Kòkó tí a ti sá gbẹ dáadáa a wá padà tutù láti ìdí àpò, nǹkan funfun bí òwú a sì hù sínú hóró rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tí a fi ń ta kòkó lágbàáyé, omi inú kòkó kò gbọdọ̀ ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ. Àwọn olùyẹ̀wò a máa la 300 hóró: bí èyí tí ó bu bá ju 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kòkó náà kò lè wọ ipò kìn-ín-ní, bí ó bá ju 4 lọ, kò lè wọ ipò kejì pàápàá.

Nítorí náà, kí a to pákó sí abẹ́ àpò kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 7 ó kéré tán, kí àpò sì jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 60. Owó pákó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò kòkó kan tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nínú àká rẹ̀, kí ó ṣe ìdánwò ọ̀rá kí òjò tó dá, kí ó sì to pákó rẹ̀ kí ìkórè tó wọlé.